Pílà Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ní Ká Pààrọ̀

Arúgbó méjì ló wà nílé wa ní Caibarién, ní Cuba, láyé ìgbà yẹn tí kì í tètè dìde láàárọ̀: èmi àti kọ̀mpútà. Tèmi, orúnkún ni. Tirẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń ṣe é, àfi òun fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọlọ́gbọ́n tó wà nílùú kan, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lọ sí iléèwé wọn. Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan bàjẹ́ nílé yín, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Mi ò kàwé lọ títí. Mo lè kọ orúkọ mi, Eduviges, bí ẹnikẹ́ni ò bá kán mi lójú. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi bá ti gbọ́, ó gbọ́ ọ náà nìyẹn, kì í jò dànù. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fẹ́ kí n jókòó sí pálọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀.

Rigoberto, ọkọ ọmọ mi, ló gbé kọ̀mpútà náà bọ̀. Alásè ni nínú ọkọ̀ òkun akẹ́rù. Èbúté kan tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ ló ti rà á, lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó títí tó fi sú u. Ó ní funfun ni. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń fa sìgá láti kékeré. Maricel ọmọ mi, ìyàwó Rigoberto, fi òwú hun ìbòrí fún un, ó hun òdòdó sí etí rẹ̀ yípo. Ká ní ìbòrí ló ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ni, tiwa ì bá ti máa fò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ má baà rò pé ìranù là ń ṣe. Yanelkis, ọmọ Maricel, pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún yẹn. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọbìnrin bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo ilé á jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà dúdú láìsí ẹran fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ọmọ lè wọ aṣọ ọbabìnrin fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Òógùn Rigoberto ni wọ́n fi ra aṣọ ọ̀hún, ṣùgbọ́n Rigoberto ò sí ńbẹ̀. Ó ń fọ ìkòkò lójú agbami. Ayàwòrán wá. Ó ya ọmọ náà lórí odi etí òkun. Ó yà á pẹ̀lú agbòòrùn níbi tí kò sí òjò tí kò sí oòrùn. Ó yà á níbi tó ti gbé tẹlifóònù sétí tó ń rẹ́rìn-ín, tẹlifóònù tí okùn rẹ̀ ò so mọ́ nǹkan kan. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀mpútà wa, ó ní òun á padà wá tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Ìgbà tá a tún gbọ́ ìró rẹ̀, ó ti wà ní Chile. Bí ará ìlú wa bá ní "màá padà wá," ẹ má gbé kọfí kaná dè é.

Tẹlifóònù ayé ìgbà náà, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń sọ. Àwòrán yẹn ò sí níbòmíràn láyé yìí àfi nínú àpótí aláwọ̀ eyín tó wà ní pálọ̀ wa. Ni Rigoberto bá ránṣẹ́ pé ọkọ̀ òun á yà sí èbúté Cienfuegos, òun á dé sílé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, òun á sì gba ọ̀nà padà ní kùtù ọjọ́ kejì. Maricel ti sọ fún un lórí tẹlifóònù pé, "Gbogbo rẹ̀ wà níbí. Bí ẹni pé ìwọ náà wà ńbẹ̀ ni wàá ṣe rí i." Ìlérí tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Obìnrin ò lè fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣeré fún ọkọ tó ń sun orí omi.

Àìsàn ẹ̀rọ náà ò bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé bí iná bá lọ tó tún dé, iná ìlú wa sì máa ń lọ bí ọkọ tó ní ilé méjì, bí a bá tan kọ̀mpútà, á ti gbàgbé ọjọ́. Á ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni, ní ọdún tí Yanelkis ṣì ń rákò. Á kọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sójú, á dúró gbagidi bí ìbaaka, àfi bí Yanelkis bá tẹ ibi kan lórí pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀, kó tó wá máa lọ. A ò kà á sí nǹkan. Èmi náà, bí mo bá sùn lọ́sàn-án tí mo jí, ẹ ò gbọ́dọ̀ bi mí léèrè ọjọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tí Rigoberto ń bọ̀, iná lọ, iná dé, Yanelkis tẹ bọ́tìnì. Iná kékeré iwájú ẹ̀rọ náà tàn. Fáànù inú rẹ̀ ń yí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sì ké "píì" tó máa ń ké bí òròmọdìẹ kó tó jí.

"Màmi," ni Yanelkis wí, "kò fọhùn o."

Maricel jáde láti ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi. "Tún un tẹ̀."

"Mo ti tún un tẹ̀."

"Tẹ̀ ẹ́ bí ọmọlúàbí."

Bí ọmọlúàbí ṣe ń tẹ bọ́tìnì, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbìyànjú. Pàbó ló já sí.

Nivaldo, àkọ́bí mi, ló kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò. Fìríìjì ni Nivaldo ń tún ṣe, nítorí náà gbogbo ohun tó bá ti ní wáyà nídìí, fìríìjì ni lójú rẹ̀. Ó fi etí lé ẹ̀rọ náà lára, ó dijú bíi dókítà.

"Mọ́tò rẹ̀ ń yí," ló wí. "Ọ̀rọ̀ gáàsì ni."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Maricel wí, "gáàsì wo ló wà nínú kọ̀mpútà?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ó ti tán."

Ó wá gbá a létí, bó ṣe ń gbá tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́. Tẹlifíṣọ̀n yẹn máa ń gbọ́ràn, torí Rọ́ṣíà ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìyà ti mọ́ ọn lára. Eléyìí ò tilẹ̀ mira.

Hortensia náà dé. Ilé Hortensia ló dojú kọ tiwa. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ní tẹlifóònù ní òpópónà wa, ìyẹn sì ti mú kó máa sọ̀rọ̀ bí ìjọba.

"Ojú ni," ló wí. "Ojú burúkú ni wọ́n fi wò ó. Eduviges, ṣebí mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ ayẹyẹ pé àwọn èèyàn ń wo ọmọ yẹn jù?"

"Ṣebí ìwọ lo jókòó síwájú pátápátá," ni mo fún un lésì.

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fa rìbọ́ọ̀nù pupa yọ, ó so ó mọ́ kọ̀mpútà lọ́rùn, bí ẹni pé kọ̀mpútà lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó mú ẹfun tí wọ́n fi èèpo ẹyin lọ̀, èyí tí a fi ń lé ohun burúkú jáde nílé. Ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fẹ́ ẹ gba àwọn ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wọlé, fùùù. Ó mu kọfí wa, ó sì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹfun yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ọlọ́gbọ́n tán nílé, Maricel jókòó síwájú ẹ̀rọ dúdú yẹn, ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Màmá, kí ni kí n wí fún un? Pé àwòrán ọmọ ẹ̀ wà nínú àpótí, àpótí ọ̀hún ò ṣí?"

Mo lọ gbé kọfí kaná fún un.

Ó ku Evelio. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, torí ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ ní Remedios, ìlú tó múlé gbè wá, ó sì ti lọ kàwé ní Kiev. Ẹni tó bá bá Evelio sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ káàárọ̀" á gbọ́ nípa Kiev. Ó mọṣẹ́ o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Wàhálà rẹ̀ ni pé kó o tó rí omi ìmọ̀ rẹ̀ mu, ó di dandan kó o kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ẹ̀.

Nivaldo lọ pè é lórí tẹlifóònù nílé Hortensia. Ó pẹ́ níbẹ̀, torí èèyàn á kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ilé rẹ̀ fún Hortensia tán kó tó fọwọ́ kan tẹlifóònù rẹ̀. Nígbà tó padà dé, Hortensia ń tẹ̀ lé e, ojú Nivaldo sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rí àìsàn náà," ló wí.

"Láti Remedios?" ni Maricel bi í.

"Ó ní, ṣé kì í rántí ọjọ́ mọ́ kó tó kú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, ṣé bí iná bá ti lọ ni? Mo ní ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó ní, 'Pílà ni! Ẹ pààrọ̀ pílà, mò ń bọ̀ wá wò ó ní Furaidé.' Ni tẹlifóònù bá kú."

Gbogbo wa yíjú sí ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní láti dúró níbí díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, pílà ni bátìrì, irú èyí tó ń wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò. Pílà kan náà la tún ń pe ẹnu ẹ̀rọ tí omi ń gbà jáde. Bí ẹni tó bí ìbejì tó sì sọ àwọn méjèèjì ní orúkọ kan, kó má baà rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ò jò, bó bá gbọ́ pílà, tọ́ọ̀ṣì ló máa rántí. Tiwa ń jò. Ó ti ń ro tó, tó, tó, láti ìgbà tí Yanelkis wà lẹ́nu ọmú. Maricel ti bẹ Nivaldo nítorí rẹ̀, ó ti sunkún, ó ti yan odì. Nivaldo ṣáà ń wí pé òun ń wá èyí tó dáa. Ògiri tí ẹ̀rọ omi náà wà lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún gan-an ni tábìlì kọ̀mpútà wà.

"Omi!" Nivaldo lu ara rẹ̀ lórí. "Ọ̀rinrin ló ń gba inú ògiri wọ̀ ọ́ lára!"

"Mo mọ̀," ni Hortensia wí, ẹni tí kò mọ̀.

"Ìdí tó fi ń gbàgbé nìyẹn. Ẹ wo Bàbá wa. Ṣebí ìgbà tí ọ̀rinrin wọ̀ wọ́n lára ni wọn ò mọ orúkọ wa mọ́?"

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ọtí ló wọ̀ ọ́ lára, kì í ṣe ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n àlàyé náà dùn létí, ó sì yé mi yékéyéké. Ó yẹ kí ìyẹn ti dẹ́rù bà mí.

Maricel ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá mi, láti ìgbà wo ni mo ti ń bẹ̀ yín nítorí pílà yẹn?"

"Ìwọ ò sọ pé kọ̀mpútà ló fẹ́ lò ó."

"Ẹ má bínú. Èmi tí mo ń fi omi rẹ̀ dáná fún yín ni mo ṣe bí ẹni pé mo já mọ́ nǹkan."

Nivaldo tó ti ń búra láti ọdún yìí wá pé kò sí pílà ní gbogbo Cuba rí ọ̀kan kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú. Ó fi ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ ṣe pààrọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń ní gbogbo nǹkan, tí ẹnikẹ́ni kì í bi níbi tó ti rí i. Idẹ ni, ó ń kọ mànà. Nivaldo dè é mọ́ ògiri, ó ṣí i, omi dà. Ó tì í, omi dúró, ẹ̀kán kan ò kán. Maricel dúró wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. A wá rọ́ lọ sí pálọ̀, a tẹ bọ́tìnì kọ̀mpútà. Ojú rẹ̀ dúdú bó ṣe wà.

"Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ ná," ni Nivaldo wí.

Ni wọ́n bá gbé fáànù kan ṣoṣo tá a ní, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Ooru ń pa èèyàn ní pálọ̀, ògiri ń gbafẹ́. Bí ẹ bá rí Nivaldo tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri náà láàárọ̀ lálẹ́, ẹ ó rò pé ọmọ rẹ̀ ló ń gbóná.

Furaidé pé. Evelio gun kẹ̀kẹ́ dé, báàgì irin-iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Hortensia ti wá jókòó dè é.

"Ẹ kú ilé o, Màmá Eduviges. Nígbà tí mo wà ní Kiev, irú ẹ̀rọ báyìí —"

"Ẹ káàbọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ jókòó mumi ná, Kiev ò sá lọ."

Ó kọjú sí Nivaldo. "Ṣé ẹ ti pààrọ̀ pílà?"

"Láti Túsìdeé! Tuntun ni. Kò jò mọ́ rárá."

Evelio bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kò jò mọ́? Ṣé ti tẹ́lẹ̀ ń jò ni?"

"Há, ó ń jò o! Gbogbo abẹ́ rẹ̀ ló ti dógùn-ún."

"Ó ti pẹ́?"

"Ọjọ́ ti pẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Maricel ti pariwo títí."

Evelio rọra jókòó. Bátìrì náà a máa jò, ẹ mọ̀ ọ́n, bó bá gbó jù. Omi tó ń ti inú rẹ̀ jáde a sì máa jẹ irin run. "Nivaldo," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ bí ti àlùfáà, "omi tó ń ti ara pílà jáde, ṣé ẹ ò mọ̀ pé oró ni?"

"Oró kẹ̀?" ni mo wí. "Òun la fi ń po kọfí láti ọjọ́ yìí, kò ṣe wá ní nǹkan."

Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í gbọ́ ohun tí kò bá ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó ti ń tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀mpútà. Ó yọ irin ẹ̀gbẹ́ náà, ó wo inú, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

"Ẹ wá wò ó! Ó funfun káàkiri! Iyọ̀ oró náà nìyí, ó ti jẹ gbogbo pátákó inú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Mo ń wo Hortensia. Hortensia ń wo àjà. Kò pẹ́ tó fi rántí pé òun gbé ìkòkò kaná nílé.

"Ṣé kò ṣeé tún ṣe?" ni Maricel béèrè.

"Àbúrò mi, ó ti kú. Kódà ní Kiev, wọn ò lè jí i."

"Àwòrán inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Àwòrán ò ní nǹkan ṣe, inú dísíìkì ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n dísíìkì ayé àtijọ́ ni, ẹnu wáyà rẹ̀ ò wọ ẹ̀rọ tuntun. Nílùú wa, Felo nìkan ló ní ohun tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀."

"Felo dà?"

"Ó ti wà ní Sípéènì."

Chile, Sípéènì. Ká ní èèyàn lè tún ìlú ṣe láti pápá ọkọ̀ òfuurufú ni, tiwa ò ní ní àbùkù.

Maricel ò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá dára. Ó mú ìbòrí tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó ká a sí méjì, ó tún un ká, ó ń ká a ṣáá títí ó fi kéré bí aṣọ ìnujú. "Ọ̀la ló ń bọ̀," ló wí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Yanelkis lọ dúró tì í, ó fi orí lé e léjìká. Òun ló ni àwòrán, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ṣèlérí.

Evelio dìde. "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́, oró yẹn ò dáa lára."

Nivaldo sáré ṣíwájú rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n: bí ilé bá ń jó, tí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ló máa fi hàn yín. Ó fi ìka kan péré yí ẹ̀rọ omi náà.

"Ẹ wò ó, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọdé lè ṣí i. Pílà tẹ́ẹ ní ká pààrọ̀ nìyí."

Èmi wà ní pálọ̀. Mo gbọ́ ohùn omi tó ń dà, mi ò gbọ́ ohùn èèyàn. Omi ń dà, omi ń dà. Ní Caibarién, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, kéèyàn ṣí omi sílẹ̀ kó máa wò ó. Mo ti fẹ́ pariwo kí wọ́n tì í nígbà tí mo gbọ́ Evelio.

"Nivaldo."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Pílà wo lẹ sọ pé ẹ pààrọ̀?"

"Èyí náà."

"Èyí tó ń jò?"

"Tó ń jò láti ọdún gbọọrọ."

"Ẹ ò wá fọwọ́ kan inú kọ̀mpútà rárá?"

"Kí lèmi fẹ́ lọ ṣe nínú ẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní pílà!"

Maricel ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó di ńlá, ó sì di ẹkún láàárín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń nu ojú, ó ń wí pé, "Bátìrì! Bọ̀dá mi, bátìrì ni! Ẹ̀yin wá fẹ́ fáànù sí ògiri!"

"Ìwọ náà ò sọ pé kì í ṣe òun!" ni Nivaldo wí, ó ti fara ya.

"Mo fẹ́ ẹ̀rọ omi ni! Kí ló máa mú mi sọ̀rọ̀?"

Evelio ti padà sí ìdí kọ̀mpútà. Ó ti ìka bọ inú ìyẹ̀fun funfun yẹn báyìí, ó gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó lọ bi Hortensia. Ó wò mí, ó wo ìka rẹ̀, kò sì dárúkọ Kiev. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó gbá ẹfun náà kúrò, ó fi ẹnu ọ̀bẹ yọ nǹkan kan jáde lára pátákó inú ẹ̀rọ náà: ó rí róbótó, ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Bátìrì náà nìyẹn. Ó ní òun ló ń bá kọ̀mpútà rántí ara rẹ̀ bí iná bá lọ: ọjọ́ wo la wà, dísíìkì wo ló fẹ́ jí sórí rẹ̀. Bó bá ti kú, ẹ̀rọ míì á gbàgbé ọjọ́ nìkan. Ẹ̀rọ tó bá gbó tó tiwa á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jí. Mo wo kọ̀mpútà náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yé mi bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

"Ẹ lọ ra òmíràn," ni Evelio wí. Ó gbọ́ ara rẹ̀, ó sì tún un sọ: "Ibo la ó ti rí òmíràn?"

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń tà ní Caibarién, bí wọ́n bá ń tà á. Nivaldo ti fi ọ̀pá ìpẹja ra idẹ, kò ní nǹkan míì tó fẹ́ gbé sílẹ̀. Ojú Maricel tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Ilé ìwòsàn fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi. Àràárọ̀ ni mo ń fún un lẹ́jẹ̀ mu, àràárọ̀ ló sì ń lọ fẹjọ́ mi sun Maricel. Mo bá orúnkún mi sọ̀rọ̀, a dìde, mo mú un jáde láti yàrá.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wo ikùn eléyìí."

Ó ṣí i. Róbótó náà ló wà ńbẹ̀, kò yàtọ̀ sí ti kọ̀mpútà.

"Rárá o, Màmá," ni Maricel wí. "Ṣúgà yín ńkọ́?"

"Ṣúgà mi mọ ilé, kò ní ṣìnà. Jẹ́ kí ọkùnrin ṣiṣẹ́."

Evelio tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ní kí Yanelkis tẹ bọ́tìnì. Iná tàn. Fáànù yí.

Píì.

Àwọn lẹ́tà funfun jáde. Ó béèrè ọjọ́. Maricel pè é fún un bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ níbi ìsọmọlórúkọ: ọjọ́, oṣù, ọdún. Evelio fi dísíìkì hàn án, ó tẹ ibì kan, ó sì jí. Àwòrán kìíní tó ṣí ni ti Yanelkis lábẹ́ agbòòrùn tí kò wúlò yẹn. Mi ò rí agbòòrùn tó dáa tó o rí.

Rigoberto dé lọ́sàn-án Sátidé, ó rí gbọọrọ, òórùn epo mọ́tò wà lára rẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹun. Wọ́n jókòó síwájú kọ̀mpútà, òun, ìyàwó àti ọmọ, Yanelkis ń ṣí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá dé ibi ijó. Lọ́dọ̀ wa, bàbá ló máa ń bá ọmọ jó ijó yẹn. Nivaldo ló dúró fún un.

Rigoberto sún mọ́ ọn. "Bàtà mi nìyẹn," ló wí.

"Tèmi ò dáa tó," ni Nivaldo wí láti ẹ̀yìn wọn.

"Bàtà mi lọ síbi ayẹyẹ," ni Rigoberto wí. "Ó ṣáà lọ." Ó na ìka, ó fi kan ibi tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú àwòrán náà. Àkókò yẹn gan-an ni iná lọ.

Maricel di apá ọkọ rẹ̀ mú. Hortensia, tó ti wá bá wa wò ó, ti na ọwọ́ sápò, mo sì sọ fún un pé bó bá fa ẹfun yọ, òun ni màá fẹ́ ẹ sí nímú. A jókòó síbẹ̀, a jẹun nínú ooru, ìrẹsì, gbágùúdá àti ẹja. Nígbà tí iná dé, Yanelkis wo ìyá rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́," ni Maricel wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Píì. Kò béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé Sátidé ni, ó jí tààrà, ọmọ náà sì tẹ ibi tí ijó wà.

Kí Rigoberto tó padà sínú ọkọ̀, ó lọ fọjú ní ilé ìdáná. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. "Maricel," ló pè, "ta ló fún wa ní irú pílà dáadáa báyìí?"

"Kọ̀mpútà ni," ni Maricel dá a lóhùn.

Tèmi, ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà mi dákẹ́ títí di oṣù kejì, nígbà tí Rigoberto fi bátìrì rẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun. Láàárín ìgbà yẹn, àràárọ̀ ni Maricel ń bi mí pé kí ni mo jẹ. Èmi á gbé gúáfà oníṣúgà tí mo ti gé sórí wàràkàṣì pamọ́ sẹ́yìn, màá ní mi ò rántí.